Àwo irin ni òfin ń kà: ọkọ̀-ilé 4,250 kílò, tírélà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìwé àṣẹ B

Òǹkàwé kan láti Leeds ló kọ̀wé báyìí: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 51 ni mí. Ọdún 2004 ni mo dé láti Ìbàdàn, mo sì yege ìdánwò ìwakọ̀ níbí ní 2006. Kí n tó wá, mo wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Ìbàdàn àti Kánò fún ọdún mẹ́rin. Lóṣù tó kọjá, mo ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní motorhome. 4,250 ni wọ́n kọ sí i lára, ìwé rẹ̀ sì sọ pé òfìfo rẹ̀ jẹ́ 3,240 kílò. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì tí wọ́n ti dàgbà fẹ́ gbé e lọ sí òkè Scotland nínú oṣù Keje, kí á sì gbé ọkọ̀ kékeré ìyàwó mi sórí tírélà lẹ́yìn rẹ̀, kí á lè máa fi jáde tí a bá ti dúró síbì kan. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni ọdún 69, tó ti ń wakọ̀ níbí láti 1988, tí òun náà sì ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sọ pé kò sí wàhálà, pé ìjọba ti fagi lé ìdánwò tírélà láti 2021, àti pé bí a kò bá ti di ẹrù púpọ̀, ọkọ̀ náà kò lè wúwo ju 3,500 lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?”

Kí n dá yín lóhùn ní ṣókí ná, kí n tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ẹ má wa ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, yálà tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò sí. Ọ̀rọ̀ tírélà ni ẹ fi kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n kí á tó kan tírélà rárá ni ọ̀ràn ti wà nílẹ̀, nítorí pé ọkọ̀-ilé náà fúnra rẹ̀ ti ju ohun tí àṣẹ B, ìyẹn àṣẹ ọkọ̀ kékeré tí ẹ ní, gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ fún yín. Gbogbo ohun tó sọ ló ní ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ó da òfin méjì tí wọn kò jọra pọ̀, ó sì ń fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ wo tiyín. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní wíwa ọkọ̀ ńlá nílẹ̀ yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí n má gbọ́ irú àlàyé yìí, lẹ́nu àwọn èèyàn wa àti lẹ́nu àwọn òyìnbó pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń da àwa tí a ti ilé wá láàmú. Nílé, tí a bá ní tírélà, ọkọ̀ agbẹ́rù gbàǹgbà tí ń bọ̀ láti Apápá ni gbogbo wa ń rí lọ́kàn. Níbí, tírélà ni ohunkóhun tó ní táyà ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a fi kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kí ó máa fà á: ì báà jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí ọgbà, ì báà jẹ́ pèpéle tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ ìyàwó yín lé. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá dárúkọ tírélà nísàlẹ̀ yìí.

Àṣẹ B, èyí tí ẹni tó bá yege ìdánwò ọkọ̀ kékeré máa ń gbà, kò kọjá ọkọ̀ tó ń lo epo tí òpin ìwúwo rẹ̀, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tí a yọ̀ǹda fún un tòun ti ẹrù, jẹ́ 3,500 kílò. Láti ibẹ̀ dé 7,500 kílò, àṣẹ C1 ló ni ín. Ohun tó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti C ni. Ẹni tó bá ní C1 lè fa tírélà tí òpin ìwúwo rẹ̀ kò ju 750 kílò lọ. Bí tírélà náà bá jù bẹ́ẹ̀, àfi kí ó gba C1E, èyí tó fàyè gba ọkọ̀ àti tírélà tí àpapọ̀ òpin wọn kò ju 12,000 kílò lọ. Ibi tí ọ̀nà yín àti ti ẹ̀gbọ́n yín ti pínyà nìyí: àwọn tó yege ìdánwò ọkọ̀ kékeré ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1997 rí C1 gbà mọ́ ọn láìṣe ìdánwò mìíràn, wọ́n sì lè fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fa tírélà níwọ̀n ìgbà tí àpapọ̀ òpin ìwúwo méjèèjì kò bá ti ju 8,250 kílò lọ. Ẹni tó ti ń wakọ̀ níbí láti 1988 wà lára wọn. Ó ń wa ọkọ̀-ilé tirẹ̀ lọ, ó ń bọ̀, ọlọ́pàá ń dá a dúró, wọ́n ń kí i pé ó dàárọ̀, kò sì sí ohun tó lè mú un rò pé ẹni tó yege ní 2006 kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ yí ẹ̀yìn káàdì ìwé àṣẹ yín sókè kí ẹ wo ìlà C1 àti C1E níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹ̀gbọ́n náà yí tirẹ̀ padà. Ọjọ́ yóò wà níwájú tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà 107 lórí ìlà C1E, tó tọ́ka sí 8,250 kílò tí mo sọ yẹn. Níwájú tiyín, ìlà lásán ni.

Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó mọ kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ yín. Ṣáájú àkókò náà, ẹni tó yege láti 1997 wá kò lè fi ọkọ̀ kékeré fa tírélà ńlá láìṣe ìdánwò mìíràn tí wọ́n ń pè ní B+E. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, wọ́n fagi lé ìdánwò yẹn ní England, Scotland àti Wales, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní àṣẹ B lè fa tírélà tó tó 3,500 kílò. Tírélà ni wọ́n tú sílẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan òpin ọkọ̀ tó ń fà á, wọn kò sì fọwọ́ kan ìdánwò C1 àti C1E. Ẹ wá wo bó ṣe rí: ẹ lè fi ọkọ̀ 3,500 fa tírélà 3,500, kí àpapọ̀ rẹ̀ di 7,000 kílò lójú pópó, kí ó sì bófin mu, ṣùgbọ́n ọkọ̀-ilé 4,250, tí ẹ̀yin nìkan jókòó sínú rẹ̀ láìfa nǹkan kan, kò bófin mu. Ẹlòmíràn á ní kò mọ́gbọ́n wá, n kò sì ní bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá dá yín dúró yóò sì ṣe kà á.

Ó kù ti ọ̀rọ̀ pé ẹ kò ní di ẹrù, èyí tó jẹ́ àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù lọ. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín kò ní gbé ọkọ̀ yín sórí òṣùwọ̀n kí ó tó mọ irú àṣẹ tó yẹ kí ẹ ní. Nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sórí àwo irin kékeré tó wà lára ọkọ̀ ni yóò kà. Òpin ìwúwo tí mo ń tẹnu mọ́ láti òkè wá ni ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tí a yọ̀ǹda fún ọkọ̀ náà tòun ti ẹrù àti èèyàn inú rẹ̀. Kì í ṣe ìwúwo tó ní lónìí. Kí ẹ tú gbogbo àga, ibùsùn àti ẹ̀rọ tútù inú rẹ̀ síta kí ó kù 2,900 kílò, ọkọ̀ 4,250 ló ṣì jẹ́ lójú ìwé àṣẹ. Òṣùwọ̀n ní òfin tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìwé àṣẹ kì í bẹ òṣùwọ̀n wò. Bí ẹ bá wà á bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ bà yín, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, wọ́n sì lè fi àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà sí ìwé àṣẹ yín. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ìnṣọ́ráǹsì. Ilé-iṣẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ yín lórí àdéhùn pé ẹ ní àṣẹ tó yẹ lè kọ̀ láti san ohun tó bá bàjẹ́, ọkọ̀ tó sì tó báyìí kì í ba nǹkan kékeré jẹ́.

Àwo irin náà gan-an, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé, ẹ ó rí i lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lára férémù ilẹ̀kùn iwájú. Àwo méjì lè wà níbẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì àti ṣáásí, èkejì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ ilé lé e lórí. Ti àwọn tó kọ́ ilé lé e ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nọ́ḿbà mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, tí wọ́n tò láti òkè wá sísàlẹ̀ láìsí àlàyé kankan. Ẹyọ kan péré lẹ kọ sí mi, nítorí náà kí n fi ti ọkọ̀ kan tí mo ti wọ̀n rí ṣàpẹẹrẹ: 4,250, 5,750, 2,100, 2,400. Àkọ́kọ́ ni òpin ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni òpin àpapọ̀ ọkọ̀ àti tírélà nígbà tí wọ́n bá so mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ásùlù iwájú, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, lè gbé, ẹ̀kẹrin sì ni ti ásùlù ẹ̀yìn. Ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ó ku 1,500 kílò: èyí ni tírélà tí ọkọ̀ náà lè fà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kún. Bí nọ́ḿbà èkejì bá bá àkọ́kọ́ dọ́gba, tàbí tí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò gbà kí ó fa nǹkan kan nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti so ìkọ́ mọ́ ọn nídìí. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ lè fà. Ìkọ́ náà ní òpin tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, èyí tó bá sì kéré jù nínú gbogbo òpin wọ̀nyí ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ọkọ̀ kékeré ìyàwó yín, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí mo rò, yóò tó 950 kílò. Tírélà tí yóò gbé e lè wúwo tó 350 kílò lófìfo. Ẹ ti ní 1,300 kílò níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àwo ara tírélà náà ka 1,500. Èyí ju 750 lọ fíìfíì, nítorí náà C1E ni ẹ nílò, C1 lásán kò tó. Tírélà tí òpin rẹ̀ bá ju 750 kílò lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀ àti okùn irin tí yóò fa bíréèkì náà mú bí tírélà bá já kúrò lẹ́nu ìkọ́, kí ó má baà máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Nọ́ḿbà ọkọ̀-ilé yín sì ni yóò wà lẹ́yìn tírélà, kì í ṣe ti ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fo owó tírélà dá, wọ́n á ra irin onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń so iwájú ọkọ̀ kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀-ilé, kí ọkọ̀ náà máa fi táyà ara rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí tẹ̀ lé e. Ẹ lè ti rí i. Wọ́n á ní kì í ṣe tírélà, pé ọkọ̀ ni. Nílẹ̀ yìí, ọkọ̀ tí a bá so bẹ́ẹ̀ ti di tírélà, òpin ìwúwo tirẹ̀ sì ni a ó kà, èyí tó lè tó 1,300 tàbí 1,400 kílò bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfìfo rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún. Ó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ iwájú. Ó sì tún kù o: ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ kọjá sí Spain, ọlọ́pàá ibẹ̀ kò gbà á, wọn yóò sì ní kí ó tú u sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Scotland lẹ̀ ń lọ, ẹ kò ní bá a pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá ra ọkọ̀-ilé kì í dúró sí Scotland.

Wàyí o, òṣùwọ̀n. Kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà sọ ọ́, torí pé olùkọ́ ni mí nígbà yẹn, ojú sì tì mí. Ọkọ̀-ilé àkọ́kọ́ tí mo ní jẹ́ 3,500 kílò. A di ẹrù fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Kí a tó jáde nílùú, mo yà síbi òṣùwọ̀n ọkọ̀ kan, ìyẹn pèpéle irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ máa ń gùn lé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,460. Inú mi dùn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n fà á síwájú kí táyà ẹ̀yìn nìkan kù lórí irin. Ó wo nọ́ḿbà, ó wo ojú mi, ó tún wo nọ́ḿbà. 2,090 ni, ásùlù ẹ̀yìn mi kò sì gbọ́dọ̀ ju 2,000 lọ. Àpótí ńlá tó wà nídìí ọkọ̀ ló fà á: amúnáwá kékeré kan, kúlà méjì tó kún fún ẹran díndín àti ọbẹ̀, àpò ìrẹsì, iṣu mẹ́rin tí ìyàwó mi ní òun kò lè fi sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ kò wúwo jù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wúwo jù, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn náà lábẹ́ òfin. Ibẹ̀ la ti tú ẹrù palẹ̀, tí a kó iṣu sábẹ́ tábìlì tó wà lẹ́yìn àga awakọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ DVSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, tí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró ní àṣẹ láti gba £100 bí ìwúwo bá fi díẹ̀ kọjá òpin, £200 tàbí £300 bí ó bá ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni, ọkọ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi já ẹrù sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa tírélà ni pé ọkọ̀-ilé máa ń yọ ìdí sẹ́yìn gan-an lẹ́yìn táyà. Ẹ rántí pákó tí àwọn ọmọdé máa ń gùn lápá méjèèjì, tí ọ̀kan á lọ sókè bí èkejì bá sọ̀kalẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ni ojú ibi tí pákó náà gbé ara lé. Bí ẹnu tírélà bá tẹ ìkọ́ yín pẹ̀lú 80 kílò, tí ìkọ́ náà sì jìnnà sí ásùlù ẹ̀yìn tó mítà 2.5, tí àárín ásùlù méjèèjì sì jẹ́ mítà 4, kì í ṣe 80 ni yóò dé orí ásùlù ẹ̀yìn, 130 ni. 50 tó lé yẹn, ara ásùlù iwájú ló ti yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà iwájú náà ni a sì fi ń darí wọn. Ẹni tó bá ń fa tírélà gun òkè tútù lọ́nà Glencoe ní Scotland nígbà tí òjò ń rọ̀ yóò mọ ohun tí 50 kílò yẹn jẹ́, nígbà tí táyà iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé 80 kílò tí tírélà fi tẹ ìkọ́ yẹn, ara ẹrù ọkọ̀-ilé ni wọ́n ń kà á mọ́.

Kí wá ni ẹ lè ṣe? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe ìdánwò. Ẹ ó gba fọ́ọ̀mù D2 àti D4, dókítà yóò yẹ ara àti ojú yín wò kó tó fọwọ́ sí D4, DVLA, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, yóò sì fún yín ní àṣẹ ìkọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 100, kí ẹ gba 85, àti ti fídíò tí ẹ ó ti máa tọ́ka sí ewu ojú ọ̀nà, kí ẹ gba 67 nínú 100. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ojú pópó. Àwọn apá ìdánwò tó wà fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò kàn yín. Ẹ fi ọkàn sí i pé owó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò lápapọ̀ yóò ju £1,000 lọ, àti pé nítorí ọjọ́ orí yín, ẹ ó máa padà lọ bá dókítà ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́wàá, èyí ni n óò mú bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó bọ́ sí oṣù Keje.

Ọ̀nà kejì, èyí tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa sọ, ni kí ẹ sọ òpin ìwúwo ọkọ̀ náà kalẹ̀ sí 3,500 lórí ìwé. Ó ṣeé ṣe, ó sì bófin mu. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń bá èèyàn ṣe é, wọ́n á fún yín ní àwo tuntun, DVLA á yí ìwé ọkọ̀ padà, owó orí ọkọ̀ náà sì lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àṣẹ B yín tó o, ẹ sì lè fa tírélà 1,500 yẹn lábẹ́ òfin 2021. Ṣùgbọ́n irin kò fúyẹ́ nítorí pé ìwé yí padà. Ẹ ní òfìfo rẹ̀ jẹ́ 3,240. Irú iye bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ka awakọ̀ sí 75 kílò àti epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún táǹkì. Ó ku 260 kílò. Ká ní ìyàwó yín jẹ́ 70, kí àwọn ọmọ jẹ́ 65 àti 60: ó ku 65. Tírélà fi 80 tẹ ìkọ́, ẹ ti jẹ gbèsè 15 kílò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò tíì kó ìkòkò, aṣọ, sílíńdà gáàsì kejì tàbí omi táǹkì tí lítà kan rẹ̀ jẹ́ kílò kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan, ẹ ó ní bíi 110 kílò lẹ́yìn tí tírélà ti mú tirẹ̀, èyí sì ṣeé mójú tó fún ẹni tó bá lè máa wọn ohun tó ń kó. Fún ẹni mẹ́rin, kò ṣeé ṣe. Ẹ má ṣe gba ìwé òfìfo yẹn gbọ́ pátápátá náà o. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ lè ti fi bátìrì kejì àti ìbòjú oòrùn kún un. Ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ní C1 wà á lọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ̀gbọ́n yín bá yín wà á lọ. Bí nọ́ḿbà ọkọ̀ yín bá rí bí ti àpẹẹrẹ mi, 4,250 pẹ̀lú tírélà 1,500 jẹ́ 5,750, èyí kò dé 8,250 tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ yín kí ó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà kẹrin ló wù mí fún oṣù Keje: ẹ fi tírélà sílẹ̀ nílé, kí ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀-ilé, kí ìyàwó yín sì wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tẹ̀ lé e. Epo yóò jó jù. Kò ní ju owó ìtanràn lọ.

Ìrírí yín láàárín Ìbàdàn àti Kánò, n kò fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ akẹ́rù gba Mọ́kwà kọjá lásìkò òjò kò ní bẹ̀rù tírélà ọkọ̀ kékeré. Ó máa ràn yín lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ Nàìjíríà kò fún yín ní ju wíwa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12 àkọ́kọ́ tí ẹ dé lọ, oṣù 12 náà sì ti parí láti bí ogún ọdún. Àwọn ìbátan wa ní Amẹ́ríkà náà kò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn yìí ṣèwà hù, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní tirẹ̀: ní Texas, ìwé àṣẹ ọkọ̀ kékeré gbé ọkọ̀-ilé tó tó 26,000 pọ́ùn, nígbà tí California tún ń wo gígùn rẹ̀, tí ọkọ̀-ilé tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ sì nílò àṣẹ mìíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ń fa tírélà tòótọ́, eré yín yí padà: máìlì 50 ní wákàtí kan lọ́nà tó wà lẹ́yìn ìlú tí wọn kò pín àlọ níyà sí àbọ̀, 60 lọ́nà tí wọ́n ti pín in níyà, 60 náà ní òpópónà márosẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wọ ojú ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá níbi tí ojú ọ̀nà bá ti jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀-ilé tí òfìfo rẹ̀ bá ju 3,050 kílò lọ ti ní òpin 50 àti 60 yẹn láìtilẹ̀ fa nǹkan kan. Márosẹ̀ nìkan ló ti lè sá 70.

Ẹ bá mi jíṣẹ́ kan fún ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú. Wọ́n ní ọmọ ọdún 69 ni. Nígbà tí ó bá ń pé 70, DVLA yóò kọ̀wé sí i pé kí ó sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di tuntun, yóò sì rí i pé ó rọrùn láti ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ṣe é bẹ́ẹ̀, káàdì tuntun yóò dé, ṣùgbọ́n C1 rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Fọ́ọ̀mù D2 àti D4 tí dókítà fọwọ́ sí ni kí ó fi ránṣẹ́, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé dókítà tí yóò rí àyè fún un lè má yá.